Yusrah Ní Ìyá Òun Ti Kú, Nítorí Orin Ijó Kan

Irọ́ pọ̀ lóríṣiríṣi láyé. Èmi tí mò ń kọ èyí ti pa díẹ̀ nínú wọn, ẹ̀yin náà ẹ má ṣe bí ẹni mímọ́. Ṣùgbọ́n irọ́ kan wà tí ọmọ Yorùbá kì í fẹnu kàn, kódà bí ebi bá fẹ́ lù ú pa. Yusrah fẹnu kàn án, ó sì gbé e lọ sórí rédíò.

Òun fúnra rẹ̀ ló wá bá mi. Ilé tíì kan nítòsí ibùdókọ̀ ojú irin Peckham Rye la jókòó sí. Tíì rẹ̀ tutù síwájú rẹ̀, kò mu ún.

Ó ní, "Aunty, ẹ kọ ọ́ bó ṣe rí. Ẹ má dá mi láre."

Mi ò dá a láre.

Peckham ni wọ́n bí Yusrah sí. Òun nìkan ni Alhaja Sìdíkàt bí, bàbá rẹ̀ sì ti kú nígbà tó wà ní kékeré. Ìyá àti ọmọ jọ ń gbé nínú ilé kánsù, ní àjà kẹta. Ìyá ń tọ́jú àwọn arúgbó nílé ìtọ́jú kan ní Sydenham, ọmọ ń gba àlejò nílé eré ìdárayá. Ohun tí ìyá kò mọ̀ ni pé bí ọmọ bá ní òun ń lọ ṣe shift ní ìrọ̀lẹ́ Fráidè, ilé ọtí kan ní Brockley ló ń lọ, ó ń gbe orin lẹ́yìn àwọn olórin.

Ohùn wà lẹ́nu rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́. Ohùn ọ̀hún kò sì já bọ́ láti ojú ọ̀run. Alhaja Sìdíkàt ló ń lé orin fún àwọn ìyá ní àsàlátù ní gbogbo àárọ̀ Sọ́ńdè, bó bá sì ti la ẹnu, ẹni tó ń tòògbé á jí.

Orin kan wà tí ìyá yìí máa ń kọ fún Yusrah nígbà tó bá ń wẹ̀ ẹ́ ní kékeré. Ìyá tó bí Sìdíkàt ló ni ín. Màmá ni gbogbo wọn ń pè é, Ìwó ló sì ń gbé. Màmá ló fi ẹnu ara rẹ̀ hun orin náà nígbà tí ó wà lọ́dọ̀ọ́, ẹlòmíì kò mọ̀ ọ́n:

"Yáráábì, má fọkọ́ lé mi lọ́wọ́ kí n fi sin ọmọ,
Ọmọ mi ni kó bomi sí mi lára lọ́jọ́ tí mo bá ń lọ."

Ẹ̀yin Mùsùlùmí mọ ohun tí ìyá náà ń tọrọ. Ó ní kí Ọlọ́run má jẹ́ kí òun fọwọ́ ara òun sin ọmọ òun. Ọmọ òun obìnrin ni kó wẹ òkú òun, kó tó di pé wọ́n gbé òun lọ sí sàréè. Ẹ fi orin yìí sọ́kàn.

Lọ́dún tó kọjá, Malachi pe Yusrah. Wọ́n jọ lọ sí ilé ìwé ni, Malachi sì ní sítúdíò kékeré kan lábẹ́ afárá ojú irin ní Peckham.

"Yus, come and hear this mad thing," ó ní.

Orin àtijọ́ kan ló gbé sí i. Ẹgbẹ́ olórin Netherlands kan tó ń jẹ́ Veerboot ló ṣe é jáde ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, wọ́n sì pè é ní "Kilowatt Kiss". Ẹ̀yin tí ẹ ti gbọ́n nígbà náà mọ irú orin bẹ́ẹ̀: ìlù ẹ̀rọ tó ń sáré bí ẹni tí ajá ń lé, ọkùnrin kan á máa sọ̀rọ̀ wàràwàrà, obìnrin kan á sì ké lókè. Nínú fídíò rẹ̀, ọmọbìnrin òyìnbó kan tó wọ pátá aláwọ̀ fàdákà dúró sórí ọkọ̀ ojú omi, ó ń la ẹnu, ó ń pa á dé.

Ṣùgbọ́n ohùn tó ń jáde kì í ṣe ohùn òyìnbó. "Yáráábì," ni ohùn ọ̀hún ń wí, "má fọkọ́ lé mi lọ́wọ́..."

Irun ara Yusrah dìde.

"That's my mum," ó ní.

Malachi kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Nígbà tó rí ojú rẹ̀, ó pa orin náà. Ó wá fi nǹkan mìíràn hàn án lórí fóònù. Wouter, ọ̀gbẹ́ni tó ń tẹ dùùrù fún Veerboot, ń wá obìnrin tó kọ apá yẹn. Wọ́n fẹ́ tún orin náà ṣe lákọ̀tun. Wọn kò mọ orúkọ obìnrin náà rí, wọ́n sì fẹ́ kó jáde wá kọ ọ́ kí gbogbo ayé lè mọ̀ ọ́n.

Nígbà tí Yusrah délé, ìyá rẹ̀ ń lọ ìjáàbù funfun tó fẹ́ wọ̀ sí àsàlátù. Yusrah fi fóònù sórí tábìlì, ó tẹ̀ ẹ́. Ìyá gbọ́ ìlù náà, ó gbé áyọ́ọ̀nù kúrò lórí aṣọ.

"Níbo lo ti rí i?"

"Mummy, so ẹ̀yin ni lóòótọ́?"

Sìdíkàt jókòó. Ó ní kí òun tó wá sí London, Rotterdam ni òun kọ́kọ́ dé, lọ́dọ̀ àǹtí òun kan. Ilé ńlá kan tí àwọn olórin ń lò ni òun ń gbá.

"Mo máa ń kọrin lórí àtẹ̀gùn tí mo bá ń nu ún. Ọ̀gbẹ́ni kan bá ní kí n wá, ó ní òun fẹ́ dán ẹ̀rọ wò, kí n kọ orin yòówù tí mo bá mọ̀. Orin wo ni mo mọ̀? Èyí tí màmá mi kọ́ mi ni. Mo kọ ọ́, mo gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì mi, mo lọ."

"They didn't tell you anything?"

"Inú ṣọ́ọ̀bù ni mo wà tí mo fi gbọ́ ọ. Àwọn ọmọ ń fò sókè, wọ́n ń jó sí àdúrà màmá mi. Mo fi agbọ̀n sílẹ̀, mo jáde." Ó pa fóònù náà. "Màmá ò mọ̀. Ojoojúmọ́ ló ń fi orin yẹn bẹ Ọlọ́run. Ṣé kí n wá sọ fún un pé mo ti gbé e fún àwọn tó bọ́ra sílẹ̀?"

Yusrah sọ ti Wouter fún un. "Mummy, wọ́n fẹ́ honour yín ni."

"Fi wọ́n sílẹ̀. Tí mo bá kú, kí ẹ ṣe ohun tó bá wù yín. Tí mo bá ṣì ń mí, mi ò fẹ́ gbọ́ ọ. Ṣèlérí fún mi."

"I promise, Mummy."

"Sọ ọ́ ní Yorùbá."

"Mo ṣèlérí, Mummy."

Ẹ ò rí i pé ìyá yìí mọ ọmọ rẹ̀. Ìlérí tí a fi èdè àwọn ará ibi iṣẹ́ ṣe kò wọ̀ ọ́ létí.

Yusrah pa ìlérí náà mọ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni àwọn olórin ilé ọtí Brockley mú ọmọdébìnrin kan wá, wọ́n fi í síwájú, wọ́n sún Yusrah lọ sẹ́bàá ògiri níbi tí iná kì í dé. Ó délé pẹ̀lú ìbínú. Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ó sì kọ̀wé sí Wouter.

Wọ́n rí ara wọn lórí fídíò. Bàbá arúgbó ni Wouter, irun rẹ̀ ti funfun, ọ̀rọ̀ rẹ̀ tutù. Yusrah kọ orin náà fún un. Bàbá náà yọ awò ojú rẹ̀, ó nu ojú.

Ó ní, "Ìyá rẹ ńkọ́? Ṣé ó wà láyé? Òun ló yẹ ká kọ́kọ́ tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀."

Ẹ̀yin ará, ibẹ̀ ni ọ̀nà ti pín sí méjì. Kò ju kí ọmọ yìí sọ pé, "Ó wà láyé, ṣùgbọ́n kò fẹ́," kó sì lọ sùn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ ló ń dún sí i létí, pé tí òun bá kú, kí wọ́n ṣe ohun tó bá wù wọ́n.

"She passed," ni Yusrah wí.

Wouter kí i kú ọ̀fọ̀. Ó ní, "Ó dáa, ìwọ ni kó kọ ọ́, ní ìrántí rẹ̀."

"Mo rò pé Rotterdam jìnnà," ni Yusrah sọ fún mi. "Mo rò pé ibẹ̀ ni irọ́ yẹn máa jókòó sí."

Irọ́ kì í jókòó. Nígbà tí Malachi bi í pé kí ni ìyá rẹ̀ wí, ó ní ìyá òun ti gbà. Ó kọ orin náà ní sítúdíò Malachi, ìlù ẹ̀rọ sì ń sáré lábẹ́ rẹ̀. Ó ní inú òun kò tíì dùn tó bẹ́ẹ̀ rí láyé òun. Orin náà jáde, ó sì mú ilẹ̀. Ilé rédíò kan ní London ní kó wá ní ọ̀sán Sátidé, kó wá sọ ìtàn rẹ̀.

Ohun tó ní lọ́kàn ni kó sọ díẹ̀, kó sì yára kúrò lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n atọ́kùn ètò náà fi ohùn jẹ́jẹ́ bi í pé, "What was her name?"

"Sìdíkàt," ó ní. "Alhaja Sìdíkàt, from Ìwó."

"And you were with her at the end?"

Yusrah ní bẹ́ẹ̀ ni, òun di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ló bá bú sẹ́kún. Ó ní títí di òní òun kò mọ ibi tí omijé yẹn ti wá, nítorí omijé gidi ni. Ìyá tó ń sunkún lé lórí wà nílé ní wákàtí yẹn, ó ń din ata fún un.

Ẹyin lohùn, bó bá bọ́, kì í ṣeé kó. Àwọn ará rédíò gé ibi ẹkún náà, wọ́n fi orin sí abẹ́ rẹ̀, wọ́n jù ú sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ó ti dé orí WhatsApp àwọn ará àsàlátù, ó sì ti kọjá òkun dé Ìwó. Sìdíkàt fúnra rẹ̀ kì í lo WhatsApp.

Nasir ló rí i ní Ìwó. Ọmọ ẹ̀gbọ́n Sìdíkàt ni, òun ló ń bá Màmá gbé. Kò pe Sìdíkàt. Ta ló ń pe fóònù òkú? Yusrah ló pè.

Yusrah wà pẹ̀lú Malachi, tí kò tíì gbọ́ ohun tó sọ lórí rédíò, àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, wọ́n ń bá a yọ̀ nítorí orin náà. Ó rí orúkọ Nasir lójú fóònù. Ó da fóònù náà dojú délẹ̀.

"Mo ní màá pè é lọ́la," ó sọ fún mi.

Ní ọjọ́ kejì, Sìdíkàt kò lọ sí àsàlátù. Ẹnì kan níbi iṣẹ́ rẹ̀ ṣàìsàn, wọ́n sì bẹ̀ ẹ́ kó wá bá wọn ṣe shift àárọ̀. Sìdíkàt tí kì í pa àsàlátù jẹ kò sí níbẹ̀, ìjókòó rẹ̀ ṣófo, ìròyìn sì ti kárí. Àwọn ìyá kò tún wá ẹ̀rí mìíràn. Àáfáà Ṣàmsúdéènì, tó ń ṣáájú wọn, ṣe àdúrà fún òkú. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kí wọ́n lọ kí ọmọ tó fi sílẹ̀.

Sìdíkàt ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Sydenham dé, kò tíì bọ́ aṣọ iṣẹ́, nígbà tí wọ́n kan ilẹ̀kùn. Yusrah wà ní yàrá, ó ń jí bọ̀ lójú oorun. Ó gbọ́ tí ìyá rẹ̀ ṣí ilẹ̀kùn.

Àwọn obìnrin aláṣọ funfun kún ọ̀dẹ̀dẹ̀ títí dé orí àtẹ̀gùn. Mìsítúrà ló wà níwájú, ọ̀rẹ́ Sìdíkàt láti ọjọ́ tó ti dé London. Kúlà ìrẹsì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ sì ti wú. Nígbà tó rí ẹni tó ṣílẹ̀kùn, kúlà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ìrẹsì dà sílẹ̀. Obìnrin kan lẹ́yìn sáré sọ̀ kalẹ̀, kò wẹ̀yìn.

"Kí ló dé?" ni Sìdíkàt bi wọ́n. "Ta ló kú?"

Àwọn tó wà lórí àtẹ̀gùn ń na ọrùn láti rí i.

"Mìsítúrà, mò ń bá ẹ sọ̀rọ̀. Ta ló kú?"

Mìsítúrà na ọwọ́ méjèèjì, ó fi di ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ mú, ó ń tẹ̀ ẹ́ bí ẹni tó ń wo búrẹ́dì bóyá ó ti jinná. "Ara ẹ gbóná," ó ní. "Sídí, ara ẹ gbóná." Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

Àáfáà Ṣàmsúdéènì ló ní kí wọ́n jẹ́ kó gbọ́ ohun tí wọ́n gbọ́. Mìsítúrà yọ fóònù. Yusrah ti jáde sí ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ̀ báyìí, ó sì gbọ́ ẹkún ara rẹ̀ láti inú fóònù ọ̀hún, ó gbọ́ orúkọ ìyá rẹ̀, ó gbọ́ Yáráábì lábẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ìlù.

Sìdíkàt gbọ́ ọ títí ó fi parí. Ó yí padà.

"Yusrah, ìgbà wo ni mo kú?"

Ọmọ náà fi ẹ̀yìn ti ara ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀.

"Ìwọ mà ni mo bi. O ní o di ọwọ́ mi mú. Ìgbà wo ni mo kú?"

"Mummy, I'm sorry. Ẹ̀yin lẹ ní tí ẹ bá kú..."

Ìyá rẹ̀ kò dúró gbọ́ ọ tán, nítorí ọkàn rẹ̀ ti kọjá lọ síbòmíràn. "Ìwó," ó ní. "Ṣé wọ́n ti gbọ́ ní Ìwó?"

Ó pe Nasir. Fóònù dún títí, Nasir kò gbé e. Ó tún pè é, kò gbé e. Orúkọ òkú ló ń rí. Ìgbà tí Àáfáà fi fóònù tirẹ̀ pè ni Nasir tó dáhùn.

"Nasir, fọkàn balẹ̀," ni Àáfáà wí. "Irọ́ ni wọ́n pa. Alhaja Sìdíkàt wà láàyè, ó dúró síwájú mi."

Sìdíkàt já fóònù gbà. "Nasir, èmi ni. Fún Màmá ní fóònù, kíákíá."

Gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ gbọ́ ẹkún ọkùnrin nínú fóònù náà.

"Aunty," ni Nasir wí, "a ṣẹ̀ṣẹ̀ ti sàréè dé ni."

"Sàréè ta ni?"

Ó sọ ọ́ fún un. Wọn kò fẹ́ kí Màmá mọ̀, nítorí a kì í sọ irú ẹ̀ fún arúgbó. Ṣùgbọ́n àwọn èèyàn ti ń wọlé láti ìdájí, ẹkún kò sì ṣeé bò mọ́lẹ̀. Màmá ní kí wọ́n pe Yusrah fún òun, kí òun gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀. Wọ́n pè é, wọ́n pè é, kò gbé e. Màmá wá bi wọ́n léèrè ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: "Ta ló wẹ̀ ẹ́?" Kò sẹ́ni tó mọ̀. Ó ní Ọlọ́run ti fọkọ́ lé òun lọ́wọ́. Ó dùbúlẹ̀, ó kọjú sí gábàsì, kò sì dìde mọ́. Ẹ̀yin mọ̀ pé Mùsùlùmí kì í fi òkú sílẹ̀ sùn. Lẹ́yìn ìrun Àìlà ni wọ́n sin ín.

"Ta ló wẹ Màmá?" ni Sìdíkàt bi í.

"Àwọn obìnrin àdúgbò ni, Aunty. Wọ́n ní kò sí ọmọ rẹ̀ obìnrin kankan láyé mọ́."

Sìdíkàt jókòó sílẹ̀ lórí ìrẹsì tó dà. Kò pariwo. Àwọn tó wá kí ọmọ kú ọ̀fọ̀ ìyá rẹ̀ ló wá yíjú sí ìyá, wọ́n ń kí òun náà kú ọ̀fọ̀ ìyá tirẹ̀. Kò sẹ́ni tó wo ibi tí Yusrah dúró sí.

Yusrah pe Wouter, ó jẹ́wọ́ fún un. Wouter ní àwọn yóò mú orin náà kúrò, kò sì bá a sọ̀rọ̀ mọ́ láti ọjọ́ náà. Malachi ní, "I ate that woman's rice, Yus," ó pa fóònù. Ṣùgbọ́n orin tí ayé ti kó sínú fóònù kò ṣeé gbà padà. Yusrah ní nígbà kan, níbi iṣẹ́, òun gbọ́ ohùn ara òun tó ń bẹ Ọlọ́run pé kó má fọkọ́ lé òun lọ́wọ́, àwọn tó ń wa kẹ̀kẹ́ ìdárayá sì ń fi ẹsẹ̀ bá a lọ pẹ̀lú òógùn lójú.

Sìdíkàt nìkan ló lọ sí Ìwó fún fídáù ọjọ́ kẹjọ. Nígbà tó padà dé London, Yusrah ti kó lọ sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní Kennington. Àwọn ìyá àsàlátù bẹ Sìdíkàt kó máa lé orin bíi ti tẹ́lẹ̀. Ó ní kí wọ́n wá ẹlòmíì.

Ọmọ tó ní kí ìyá òun má sùn, òun náà kò ní fojú kan oorun. Yusrah rù, ó di egungun. Àáfáà Ṣàmsúdéènì rí i lójú ọ̀nà, àánú rẹ̀ ṣe é, ó sì mú un lọ sílé ìyá rẹ̀ láti bá a bẹ̀bẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ máa ń fi ikú òbí tọrọ àyè níbi iṣẹ́, tí ẹ máa ń sin grandma yín lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ẹ ka èyí tó kù yìí dáadáa.

Yusrah kúnlẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì, ó ń sunkún. "Mummy, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí."

"Dìde," ni ìyá rẹ̀ wí. "Mo ti dárí jì ọ́. Ẹ̀gbẹ́ sàréè Màmá ni mo ti dárí jì ọ́. Mò ń bẹ Ọlọ́run kó dárí ji màmá mi, mi ò lè máa di ọmọ mi sínú."

"Alhamdulillah," ni Àáfáà wí.

Sìdíkàt bu oúnjẹ fún wọn. Wọ́n jẹ ẹ́. Yusrah ní ata náà dùn bíi ti tẹ́lẹ̀, òun sì rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Ìyá rẹ̀ dìde, ó ń kó àwo jọ.

"Àáfáà, ẹ jẹ́ ẹlẹ́rìí mi o," ó ní. "Lọ́jọ́ tí mo bá kú lóòótọ́, Mìsítúrà ló máa wẹ̀ mí. Mo ti bá a sọ ọ́, ó sì ti gbà."

Àáfáà wò ó. "Alhaja, ọmọ yín obìnrin wà láyé. Òun ni ẹ̀tọ́ tọ́ sí."

"Ó wà láyé, mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ó ti sin mí lẹ́ẹ̀kan, Àáfáà. Kó fi ìkejì sílẹ̀ fún ẹlòmíì."

Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ó tilẹ̀ bi Yusrah bóyá ó fẹ́ ata sí i. Lẹ́yìn náà ló kó àwo lọ sí ilé ìdáná, ó ṣí omi. Tẹ́lẹ̀, orin Màmá ló máa ń kọ bó bá ń fọ àwo. Yusrah jókòó, ó ń tẹ́tí. Omi nìkan ló ń dún.